Ó Dára Lójú Ta? Àyẹ̀wò Alùpùpù Àtijọ́ ní Ìfọ̀nyìn

Ọkùnrin kan wá láti Àjàṣẹ́ lọ́dún tó kọjá, ó fẹ́ ra Yamaha Mate tí bàbá mi fi sílẹ̀. Ó yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, ó fọwọ́ nu eruku orí àga, ó tẹ họ́ọ̀nù, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní irú rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n òun fi kọ́ òun ní kẹ̀kẹ́ gígùn. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, "Tíṣà, ta ló yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn?"

Mo ní mẹkáníìkì wa ni, ó sì ní kò sóhun tó ṣe é, ó dára.

"Ó dára lójú ta? Lójú ẹni tó ti ń gbowó lọ́wọ́ yín látọjọ́ yìí?"

Kò rà á lọ́jọ́ náà. Ó ní òun á padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí n jẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun yẹ̀ ẹ́ wò ná. Inú bí mi díẹ̀, torí mẹkáníìkì yẹn ti ń tún kẹ̀kẹ́ bàbá mi ṣe kí n tó mọ ìwé kà. Ṣùgbọ́n nígbà tí inú mi rọ̀, mo rí i pé ìbéèrè ọkùnrin náà kì í ṣe ìwọ̀sí. Bí ẹnì kan bá yẹ ẹ̀rọ wò tó ní ó dára, kí ló jẹ́ ká gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́?

Ẹni tí kò bá mọ Mate, kó béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó gbọ́njú ní ìhà tiwa níbí ní àwọn ọdún 1980. Kí àwọn kẹ̀kẹ́ Ṣáínà tó kún ojú títì, òun ni kẹ̀kẹ́ olùkọ́, kẹ̀kẹ́ nọ́ọ̀sì, kẹ̀kẹ́ akọ̀wé kọ́múùnù. Ó kéré, ó fúyẹ́, ààyè wà níwájú àga rẹ̀ tí obìnrin tó ró ìró fi lè gbẹ́sẹ̀ kọjá láì dààmú. Kò ní kílọ́ọ̀ṣì tí a ń fọwọ́ fà. Ẹsẹ̀ nìkan la fi ń pa jíà rẹ̀ dà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ irú èyí tó ń sun ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo, ṣùgbọ́n kò di dandan kí èèyàn máa fi ìgò pò ó fúnra rẹ̀: ọ́ìlì ní ilé tirẹ̀, ẹ̀rọ kékeré kan ló ń bù ú sínú epo díẹ̀díẹ̀. Àrà tí Yamaha kọ́kọ́ dá ní 1964 nìyẹn, Autolube ni wọ́n pè é. Bíréèkì rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, ti dírọ́ọ̀mù ni. Iná rẹ̀ kò ju volt 6 lọ. Bàbá mi ra tirẹ̀ ní 1984, ó sì gùn ún láti Ìfọ̀nyìn, tí ìwé ìjọba ń kọ ní Ifangni, dé Àjàṣẹ́, dé Ìdí-Ìrókò ní òdìkejì ẹnubodè Igolo, títí eékún rẹ̀ fi kọ̀.

Ẹni tó bá ń wa tásì láti Igolo sí Àjàṣẹ́ mọ ohun tí à ń pè ní vizítì. Àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò ojú pópó, CNSR, ló ń ṣe é fún ọkọ̀: wọ́n á yẹ ọkọ̀ rẹ wò, wọ́n á fún ọ ní ìwé, ọlọ́pàá á bi ọ́ léèrè ìwé náà lọ́nà. Alùpùpù kékeré tó ti darúgbó bíi tiwa, abẹ́ igi máńgòrò ni vizítì tirẹ̀ wà, ìwé kankan kò sì tibẹ̀ jáde. Ọ̀rọ̀ ẹnu mẹkáníìkì ni ìwé rẹ̀.

Mo bá gbìyànjú nǹkan kan tí ìyàwó mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ fún odindi ọjọ́ kan. Mo gbé Mate náà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì mẹ́ta láàárín ọjọ́ kan náà: ọ̀gá tiwa nílùú, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá ẹnubodè ní Igolo, àti bàbá àgbàlagbà kan ní Banigbé tí ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni mo bá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ: mo fẹ́ tà á, ẹ sọ ohun tó ń ṣe é fún mi. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wọn pé mo ti débòmíràn. Mo mú ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ mi dání, mo ń kọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ọ̀gá tiwa ní bíréèkì ẹ̀yìn ti ń jẹ tán, ìyókù dára. Ọmọ Igolo ka nǹkan méje: táyà iwájú, iná, ṣéènì, plọ́ọ̀gì, bíréèkì ẹ̀yìn, ṣọ́ọ̀kì méjèèjì, ó tún ní ẹ́ńjìnnì ń mí. Bàbá Banigbé kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní bíréèkì ẹ̀yìn, ó ní sípóòkù méjì tó ti dẹ̀, ó wá ní ọrùn kẹ̀kẹ́ náà ti kú. Ọrùn! Àwọn méjì àkọ́kọ́ kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí mo délé tí mo to gbogbo rẹ̀ síwájú ara wọn, ẹyọ nǹkan kan péré ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ rí: bíréèkì ẹ̀yìn. Ó ṣe wá jẹ́ òun? Mo rò ó títí, mo sì rí i pé kì í ṣe nítorí pé òun ló bàjẹ́ jù. Òun nìkan ni kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ń wọ̀n. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírọ́ọ̀mù ẹ̀yìn, apá irin kékeré kan wà tí ọ̀pá bíréèkì so mọ́. Tí o bá tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, apá náà á yí. Bí ṣúù inú rẹ̀ bá ṣì nípọn, kò ní yí púpọ̀. Bó bá ti tín-ín-rín, apá náà á máa lọ, á máa lọ, títí á fi kọjá ibi tí òun àti ọ̀pá ti dúró bí igun ilé, agbára ẹsẹ̀ rẹ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòfò. Ẹni tí ojú rẹ̀ dáa àti ẹni tí ojú rẹ̀ kò dáa, ẹni tó fẹ́ ta ṣúù fún ọ àti ẹni tí kò fẹ́, ibì kan náà ni wọ́n á rí i tó dúró sí. Kò sí àríyànjiyàn nínú rẹ̀.

Ìyókù, ojú ni wọ́n fi wò ó, ojú oníkálukú sì ni.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ iná. Ọmọ Igolo ní iná kò dára. Ọ̀gá tiwa ní ó dára. Kò sí èyí tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Lórí irú kẹ̀kẹ́ yìí, ara ẹ́ńjìnnì tó ń yí ni iná iwájú ti ń gba agbára rẹ̀. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń rọra yí, iná á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí àtùpà tí epo rẹ̀ ń gbẹ. Tí o bá fún un lépo díẹ̀, á tàn. Ọmọ Igolo yẹ̀ ẹ́ wò níbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń rọra yí. Ọ̀gá tiwa fún un lépo. Kẹ̀kẹ́ kan náà, gílóòbù kan náà, èsì méjì. Àyẹ̀wò tí kò bá kọ́kọ́ sọ bí nǹkan ṣe gbọ́dọ̀ rí kí a tó wò ó, bí ẹni ń fi igbá oríṣiríṣi wọn àgbàdo lọ́jà ni.

Ohun tí àwọn ìlú tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí kọ́kọ́ bá jà nìyẹn. Ní 1960 ni Ernest Marples, tó jẹ́ mínísítà ètò ìrìnnà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní MOT títí dòní. Bíréèkì, iná àti ọwọ́ ìdarí ni wọ́n ń wò, lára ọkọ̀ tó bá ti lo ọdún 10. Èyí tó kùnà pọ̀ débi pé láàárín ọdún kan wọ́n sọ ọdún 10 di 7. Ní 1967 ó di 3. Lónìí, tí alùpùpù bá wọlé fún MOT, wọn kì í sọ pé bíréèkì "dára" tàbí "kò dára" lásán. Wọ́n á wọn agbára tó fi ń dúró sí bí alùpùpù náà ṣe wúwo tó: bíréèkì kan gbọ́dọ̀ kájú ìdá 30 nínú 100, èkejì ìdá 25. Bó bá jẹ́ 24, ó kùnà nìyẹn, ì báà jẹ́ ọmọ ìyá ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ló ni ín.

Síbẹ̀, ẹ gbọ́ ohun tí MOT kì í wò: ẹ́ńjìnnì, kílọ́ọ̀ṣì àti jíà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ló kọ ọ́ sínú ìtọ́sọ́nà fún àwọn onímọ́tò, wọ́n sì fi kún un pé níní ìwé ẹ̀rí MOT kò sọ pé ọkọ̀ náà á wà ní pípé títí ọdún á fi yípo. Ohun tó ń sọ kò ju pé lọ́jọ́ tí a wò ó, níbi tí a wò, kò dín sí ìwọ̀n tó kéré jù tí òfin gbà. Mo fẹ́ràn bí wọ́n ṣe jẹ́wọ́ yẹn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ra kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ wa níbí ló ń gbọ́ "ó dára" bí ẹni gbọ́ ìlérí.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ bàbá Banigbé, torí ohun tó ṣe sí ọrùn kẹ̀kẹ́ yẹn tọ́ kí a rí i dáadáa.

Ó ní kí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ gbé bíríkì kan sábẹ́ kẹ̀kẹ́ náà, kí táyà iwájú má bàa kan ilẹ̀. Ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Ó di ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀kì méjèèjì mú bí ẹni di ẹsẹ̀ ewúrẹ́ mú, ó tì í, ó fà á, ó tì í, ó fà á. N kò rí ohun kankan. Ó gbé ọwọ́ mi lé òkè, níbi tí ọrùn ti wọ inú férémù, ó tún tì í. Mo gbọ́ ọ lábẹ́ ìka mi: kọ́-kọ́, díẹ̀ báyìí, bí eyín tó ti ń mì. Ó wá dìde, ó fi ìka méjì péré di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, ó ń yí i láti òsì sí ọ̀tún, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ní àárín gan-an, ibi tó máa ń wà tí a bá ń lọ tààrà, ó há. Kò le púpọ̀. Ó kàn dúró díẹ̀ bí ẹni pé ihò kan wà níbẹ̀ tó fẹ́ sùn sí, kó tó tún máa lọ.

"Ihò náà wà níbẹ̀ lóòótọ́," ni bàbá wí. Nínú ọrùn kẹ̀kẹ́, ọmọ irin róbótó-róbótó ló tò yíká nínú abọ́ irin. Bí kẹ̀kẹ́ bá ń lọ tààrà, ojú kan náà ni wọ́n máa ń gún ní gbogbo ìgbà tí táyà bá bọ́ sí kòtò. Ogójì ọdún lójú ọ̀nà tiwa yìí, wọ́n á gbẹ́ ilé sójú kan náà. Tí o bá wá ń lọ tààrà, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ á máa fẹ́ dúró sínú ilé yẹn. Tí o bá fẹ́ yà fún ewúrẹ́, kò ní yà bí o ṣe fẹ́ kó yà, á kọ́kọ́ kọ̀, lẹ́yìn náà á yà jù. Èmi tí mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ náà fún ọdún méjì rò pé táyà ni. Ara mi ti mọ́ ọn. Ohun tó burú nínú kí ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ máa yẹ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wò nìyẹn: kò sí ẹni tí àbùkù máa ń fara pamọ́ fún tó ẹni tó ń gbé pẹ̀lú rẹ̀.

Ti sípóòkù, etí ló fi wò ó. Ó fi sípánà kékeré kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń lu agogo, ó ń yí táyà. Tíń, tíń, tíń, tíń, tọ̀. Ó dúró. "Èyí." Ó tún lọ. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ fi ẹfun sàmì sí méjèèjì. Nígbà tí mo padà délé, mo ní kí ọmọ mi tí kò tíì pé ọdún 10 fi ṣíbí lù wọ́n. Kò mọ ohun tó ń wá, ṣùgbọ́n àwọn méjì náà ló yọ sọ́tọ̀. Lójú tèmi, àyẹ̀wò tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé nìyẹn, èyí tí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà lè tún ṣe kó sì bá ohun kan náà pàdé.

Táyà ni gbogbo wa ti kùnà, bàbá àgbà náà pẹ̀lú. Ọmọ Igolo ní kí n pa á dà torí ó ti ń sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn méjì yòókù ní ara rẹ̀ kò tíì jẹ, ó ṣì ní eyín. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò ka ọjọ́ orí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó wà lára rẹ̀. Láti 2000, gbogbo táyà tó bá ní àmì DOT ló ní nọ́ńbà mẹ́rin kan nínú àpótí kékeré: méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn jẹ́ ọdún tí wọ́n ṣe é. Mo fi omi fọ tiwa, mo ka 3209. Ọ̀sẹ̀ kejìlélọ́gbọ̀n 2009. A ti fẹ́ ta táyà tó ju ọmọ mi lọ fún ọmọlúàbí kan.

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé ọmọ Igolo ló mọ̀ jù, ó yẹ kí n sọ pé òun náà ló ń ta táyà. Gbogbo nǹkan méje tó kà, ó wà lórí pákó lẹ́yìn rẹ̀ nínú ọ̀rá. N kò sọ pé olè ni. Ẹni tó ń ta oògùn ló ń wò ọ́ lójú láti sọ bóyá àìsàn ń ṣe ọ́. Ọ̀gá tiwa ńkọ́? Òun fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ to ọrùn kẹ̀kẹ́ yẹn nígbà kan; bó bá ní ó ti kú, iṣẹ́ ara rẹ̀ ló ń bù kù. Ìfẹ́ ló dí i lójú, owó ló la ojú ti ẹnìkejì jù. Bàbá Banigbé nìkan ni kò ní ohun tó ń tà, tí kò sì ní ohun tó ń bò.

Ìyàtọ̀ yìí ni àwọn Faransé fi òfin dì: ilé àyẹ̀wò ọkọ̀ kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ àtúnṣe. Ìwọ tó sọ pé ó bàjẹ́, kì í ṣe ìwọ lo máa gbowó títún un ṣe. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà kí gáráàjì kan náà ṣe méjèèjì, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa ń gba ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, wọ́n á tún un yẹ̀ wò láti rí i bóyá àwọn àti gáráàjì jọ rí ohun kan náà. Ní Nẹ́dálándì bákan náà, ẹ̀rọ ló ń ṣẹ́ kèké: nǹkan bí 3 nínú 100 ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yege gbọ́dọ̀ dúró sójú kan kí olùyẹ̀wò ìjọba dé. Ẹni tó ń yẹ ọkọ̀ wò kò mọ èyí tí kèké máa mú. Mo rò pé èyí gbọ́n ju òfin Faransé lọ, torí ní ìlú kékeré bíi tiwa, bí o bá ní kí mẹkáníìkì má tún kẹ̀kẹ́ ṣe mọ́, kí ló fẹ́ jẹ?

Kò sì rọrùn fún àwọn Faransé lọ́wọ́ àwọn tó ń gun alùpùpù nílẹ̀ wọn. Òfin Yúróòpù ní kí àyẹ̀wò alùpùpù ńlá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní 2022. Ìjọba Faransé gbé òfin jáde ní oṣù kẹjọ 2021, Ààrẹ Macron sì dá a dúró kíá. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń gun alùpùpù tí inú ń bí, FFMC, ń ya sójú títì lọ́pọ̀ ìgbà. Ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́ ìjọba tó ga jù, ilé ẹjọ́ sì ní kò sí àyè à ń dá òfin dúró. Ìgbà tó di 15 oṣù kẹrin 2024 ni àyẹ̀wò tó bẹ̀rẹ̀. Àwíjàre ẹgbẹ́ náà kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní MAIDS tú jàǹbá alùpùpù 921 ní orílẹ̀-èdè márùn-ún ní Yúróòpù wò fínnífínní, èyí tí ìbàjẹ́ ara alùpùpù fà gan-an kò tó 1 nínú 100. Àṣìṣe awakọ̀ ọkọ̀ mìíràn ló fa ìdajì wọn.

Ẹni bá gbọ́ ìyẹn á ní kí la wá ń kúnlẹ̀ níwájú fọ́ọ̀kì fún? Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra. Àwọn alùpùpù 921 yẹn ń rìn ní ìlú tí wọ́n ti ń ra ṣúù tuntun kí ti àná tó jẹ tán. Kò sí èyí tó ru àpò àgbàdo méjì àti ìyá alágbàdo lórí ọ̀nà pupa lẹ́yìn òjò oṣù kẹfà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà, láti 20 oṣù karùn-ún 2018, ti yọ̀ǹda ọkọ̀ àti alùpùpù tó bá lé ní ogójì ọdún, tí wọn kò bá tíì yí i padà púpọ̀, kúrò lábẹ́ MOT. Wọ́n ní àwọn tó ni wọ́n ń tọ́jú wọn dáadáa, wọn kì í sì í gùn wọ́n jìnnà. Nípa ọjọ́ orí, Mate bàbá mi ti yege ní London láì kúrò níwájú ilé wa. Ṣùgbọ́n alùpùpù arúgbó ti Gẹ̀ẹ́sì ń sinmi nínú gáráàjì, ọjọ́ Sunday tí oòrùn bá ràn ni wọ́n ń mú un jáde. Arúgbó tiwa ń lọ sóko.

Ẹrù yìí gan-an ni ohun tí àyẹ̀wò kankan kì í rí. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo lọ bá, òfìfo ni wọ́n yẹ Mate náà wò. Ta ló ń gun kẹ̀kẹ́ lófìfo ní Ìfọ̀nyìn? Bíréèkì tó mú dáadáa lábẹ́ ọkùnrin kan lè má mú rárá tí ìyàwó rẹ̀, ọmọ méjì àti kẹ́ẹ̀gì epo bá wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ti rí àwọn tó ń kó epo kpayo láti òdìkejì ẹnubodè, bí kẹ́ẹ̀gì ṣe ń yọ lápá ọ̀tún àti òsì títí orí ẹni tó ń wà á nìkan ló kù tí a ń rí. Wọ́n ti fi irin kún ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn, wọ́n jó férémù pọ̀ níbi tó ti fẹ́ kán. Lófìfo, kẹ̀kẹ́ wọn le bí òkúta, á yege lójú ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí a bá di ẹrù náà lé e ló yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n ta ló máa kúnlẹ̀ níwájú kẹ̀kẹ́ tó ru epo bẹ́ẹ̀?

Ohun kan tún wà tí àwọn ará Jámánì máa ń bèèrè lọ́wọ́ alùpùpù àtijọ́ tí àwa kò lè bèèrè. Láti 1997, tí ọkọ̀ bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó sì wà bí wọ́n ṣe ṣe é, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà tó ní H lẹ́yìn, kó lè jẹ àǹfààní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Mate tiwa kò lè gba H láéláé. Nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè ní oṣù kẹjọ 2019, Ìdí-Ìrókò kò tún ṣí ní gbangba títí di oṣù kẹrin 2022, àwọn ohun èlò tó ń ti Èkó wá sì di ọ̀wọ́n. Bàbá mi fi ríìmù kẹ̀kẹ́ Ṣáínà sí ẹ̀yìn, ó ní kí wọ́n gé bọ́ọ̀ṣì kan kó lè wọlé. Kábúrétọ̀ rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Àga rẹ̀, ará Banigbé kan ló rán an. Bí kẹ̀kẹ́ arúgbó ṣe ń wà láàyè níbí nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọ iṣẹ́ olùyẹ̀wò di ìlọ́po méjì. Ìwé tí Yamaha kọ sọ bí ríìmù ti Yamaha ṣe gbọ́dọ̀ jókòó. Ta ló kọ ìwé fún ríìmù Ṣáínà nínú Mate 1984 tí wọ́n gé bọ́ọ̀ṣì fún ní Ìfọ̀nyìn? Níbẹ̀, òṣùwọ̀n tán. Ó ku ọwọ́ àti ọgbọ́n ẹni tó ń wò ó.

Mo sọ gbogbo èyí fún ọ̀gá tiwa. Mo ṣe é pẹ̀lẹ́, torí ẹni tó bọ̀wọ̀ fún bàbá mi ni. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú, bàbá kan ní Banigbé ní ọrùn rẹ̀ ti kú." Ó wò mí. Ó pe ọmọ ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀, ó ní kó gbé bíríkì wá. Ó di fọ́ọ̀kì mú, ó tì í, ó fà á. Ó fi ìka méjì yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ó tún un yí. "Òótọ́ ni," ló wí, kò sì sọ ohun mìíràn fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí n má jẹ́ kí wọ́n tíì pa á dà. "Ẹ jẹ́ kí oníbàárà yín dé ná."

Ọkùnrin Àjàṣẹ́ padà wá lọ́jọ́ tó dá. Mo ti fi ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ mi sílẹ̀ lórí àga fún un, gbogbo ohun tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ, àti 3209 tó wà lára táyà. Ó kà á títí. Ó béèrè ohun tí "ọrùn ti kú" túmọ̀ sí. Ọ̀gá kò dá a lóhùn. Ó gbé bíríkì sábẹ́ kẹ̀kẹ́, ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó nawọ́ sí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ bí ẹni ń fún àlejò ní àga. Ọkùnrin náà bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó fi ìka méjì dì í mú bí ọ̀gá ṣe fi hàn án, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i láti òsì. Nígbà tó dé àárín, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ẹ ṣí i," ló wí. "Kí n fojú rí i."

Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ti lọ mú sípánà.